Inverter ńlá kọ́ ni yóò gbé fíríìjì yín dé Big Bend

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Houston ni a ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi ra travel trailer àlòkù lọ́dún tó kọjá, ilé kékeré orí táyà tí a máa ń fi pickup fà. Fíríìjì onígáàsì inú rẹ̀ ti kú. Iye tí wọ́n dá lé òmíràn ju ti fíríìjì ilé lọ fíìfíì, ni mo bá ra fíríìjì ilé sí i. Bátìrì Group 24 méjì ló wà nínú trailer náà. Ẹni tó ń ta inverter ní kí n ra 3,000 wáàtì, pé bó bá ṣe tóbi tó ni fíríìjì yóò ṣe pẹ́ tó, àti pé yóò gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta ní Big Bend, ọgbà ìjọba ńlá ní Texas tí a fẹ́ lọ pàgọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta náà sọ pé inverter 3.5 kVA ń gbé fíríìjì òun mọ́jú. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Bí ẹ bá sì ti sanwó, tí ẹ kò tíì tú páálí rẹ̀, ẹ gbé e padà fún un.

Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, ibi kan náà sì ni gbogbo ẹni tó ń bi mí ti ń ṣìnà: inverter ni wọ́n ń béèrè, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì ló yẹ kí wọ́n béèrè. Àwọn ọlọ́jà kò sì ní tún un ṣe fún wọn, nítorí inverter ńlá ni èrè wà lórí rẹ̀.

Inverter kì í ṣe iná jáde. Kì í tọ́jú iná pa mọ́. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń ṣẹ́ owó: ẹ kó náírà lọ, ó fún yín ní dọ́là, ó yọ èrè tirẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá tóbi bí ààfin, iye tí ẹ kó lọ náà ni ẹ máa ṣẹ́. Ohun tí inverter ń ṣe nìyẹn. Ó gba iná fóòtì 12 lọ́wọ́ bátìrì, ó sọ ọ́ di fóòtì 120 tí fíríìjì ilé ní Amẹ́ríkà ń lò, ó sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. 3,000 tí wọ́n kọ sára páálí ń sọ bí ẹrù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Kò sọ nǹkan kan nípa iye wákàtí tí yóò fi gbé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ má baà ní ẹnu lásán ni mo ń ṣe. Ìwé aláwọ̀ yẹ́lò kan wà tó bá fíríìjì yín wá, EnergyGuide ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Iye iná tí fíríìjì náà ń jẹ lọ́dún wà níbẹ̀, ní kWh. Ká ní 420 ni tiyín, irú èyí tó wọ́pọ̀ fún fíríìjì tí fírísà rẹ̀ wà lókè. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365: ó di 1.15 kWh, ìyẹn wáàtì-wákàtí 1,150 lójúmọ́. Inverter yóò fi bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ṣòfò níbi tó ti ń yí i padà, nítorí náà ohun tí bátìrì máa san jẹ́ nǹkan bí 1,300. Inverter náà tún ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá sinmi, inverter kì í sinmi. Ó tanná sílẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí fíríìjì yóò tún dìde. Èyí tó jẹ́ 1,000 wáàtì lè máa jẹ wáàtì 15 báyìí tọ̀sán-tòru, 360 nìyẹn lójúmọ́. Àpapọ̀ 1,660. Ẹ pín in sí fóòtì 12, ẹ ó rí bí 140 Ah.

Ah ni wọ́n fi ń wọn agbára bátìrì, ẹ ó rí i lára àlẹ̀mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Group 24 kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 80 Ah. Méjì jẹ́ 160. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi ni wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì olómi pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í lò ó kọjá ìdajì. 80 Ah ló wà lọ́wọ́ yín gan-an. Fíríìjì tó ń jẹ 140 lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ láàárín wákàtí 13 sí 14, ìyẹn bí ẹ kò bá tan gílóòbù kankan, tí ẹ kò sì fi páǹpù omi wẹ̀.

Ẹ wá gbé inverter 3,000 náà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ wáàtì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgbé ẹrù kankan. 720 nìyẹn lójúmọ́ dípò 360. Bátìrì kan náà, fíríìjì kan náà, ó ti di wákàtí 11. Inverter tó tóbi ló dín àkókò yín kù! Ọjọ́ mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn wí dà?

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín l'Abẹ́òkúta, mi ò ní wọ́n ń purọ́. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé bátìrì mélòó ló wà lábẹ́ inverter wọn. 3.5 kVA sábà máa ń lo mẹ́rin, 220 Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn gàgàrà tí ẹnì kan kì í fẹ́ dá gbé. Ìdajì àwọn yẹn jẹ́ wáàtì-wákàtí 5,280. Ìdajì tiyín jẹ́ 960. Bí NẸ́PÀ bá tún mú iná wá ní ìdájí, wọ́n ti kún padà. Bátìrì ló ń gbé fíríìjì wọn mọ́jú, inverter ló ń gba oríyìn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín. Fóòtì 230 ni ti Nàìjíríà, 50 Hz. Fóòtì 120 àti 60 Hz ni fíríìjì yín ń lò.)

Wọ́n tún lè ti sọ fún yín pé pickup yóò máa fi iná sí bátìrì trailer bí ẹ bá ti ń lọ lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Wáyà tó gba inú plug ẹlẹ́nu méje tó so pickup mọ́ trailer kọjá tín-ín-rín, ó sì gùn, áńpù 5 sí 10 ló sábà máa ń dé ọ̀hún. Fíríìjì yín nìkan ń jẹ bí áńpù 6 bí a bá pín in káàkiri ọjọ́. Ẹ ó kàn máa rọ́ omi sínú agbè tó ń jò ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa yóò ra DC-DC charger, ìyẹn ṣájà tó ń fi iná ọkọ̀ ṣáájì bátìrì trailer, yóò sì na wáyà tó nípọn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ ìrìn àjò kò tilẹ̀ nílò inverter lójú ọ̀nà. USDA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn àti oúnjẹ, sọ pé fíríìjì tí a kò ṣí lè tọ́jú oúnjẹ fún nǹkan bí wákàtí 4 láìsí iná. Fírísà tó kún dẹ́nu, wákàtí 48. Ẹ so fíríìjì mọ́ iná ilé láti àná ìrìn àjò, kí ẹ to ìgò omi tó ti di yìnyín sínú rẹ̀, kí ẹ sì de ilẹ̀kùn rẹ̀ pinpin, nítorí ilẹ̀kùn fíríìjì ilé kò mọ gegele ojú ọ̀nà, yóò ṣí, ọbẹ̀ yóò sì dà. Láti Houston dé Galveston tó wà nítòsí, ẹ ò nílò ohunkóhun ju ìyẹn lọ. Big Bend ju wákàtí 8 lọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ó dáa, kí ni kí ẹ rà? Inverter 1,000 sí 1,500 wáàtì, kó jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ògiri ilé. Modified sine wave, èyí tí iná tirẹ̀ kì í lọ geere, kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbóná kó sì máa kùn, ó sì lè ba pátákó iná inú fíríìjì jẹ́. Fíríìjì tó ń jẹ wáàtì 150 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lè fa ìlọ́po rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bó bá ti ń dìde, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń yọ́ yìnyín rẹ̀ fúnra rẹ̀, híítà ibẹ̀ lè gba 400 sí 500. Gbogbo rẹ̀ kò tó 3,000.

Owó tó bá kù, ẹ kó o lé bátìrì. Lithium 100 Ah méjì, irú LiFePO4, tí ẹ bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, yóò gbé fíríìjì náà ní ọjọ́ kan gbáko pẹ̀lú díẹ̀ lé. Ẹ bèèrè bóyá ṣájà inú trailer yín bá lithium mu. Èyí tó bá ti pẹ́ sábà máa ń kùnà láti kún un tán. Ẹ wá fi sólà 400 wáàtì sórí òrùlé: lọ́jọ́ tí oòrùn Texas bá mú, ó lè dá bí wáàtì-wákàtí 1,500 padà. Ọ̀nà tí ọjọ́ mẹ́ta fi lè ṣeé ṣe nìyẹn, bí òjò kò bá ṣú. Ẹ má gbójú lé jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ibùdó ìpàgọ́ Cottonwood ní Big Bend kò gbà á láàyè, kò sì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì lè dá fíríìjì náà padà, ẹ wo irú èyí tó ń lo fóòtì 12 tààrà tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ trailer tuntun. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò inverter rárá.

Mi ò tíì fojú rí trailer yín, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò tí mo ṣe yìí na wáyà. Inverter 1,000 wáàtì lè fa áńpù 95 lára bátìrì, ó lè jó wáyà tín-ín-rín di eérú. Kí wáyà kúrú, kó nípọn, kí fíúùsì wà nítòsí bátìrì gan-an. Ẹ má gbé inverter sínú àpótí kan náà pẹ̀lú bátìrì olómi, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń gbaná. Ẹ má sì ki okùn iná trailer bọ inú inverter bí ẹ kò bá tíì pa ṣájà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì yóò máa fi ara rẹ̀ ṣáájì ara rẹ̀ títí yóò fi tán.

Páìpù gáàsì tí fíríìjì àtijọ́ ń lò kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ihò afẹ́fẹ́ méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ di dídí. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ gáàsì ni kí ẹ gbé iṣẹ́ páìpù yẹn fún, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tó mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ya fọ́tò ìwé yẹ́lò yẹn àti ti àlẹ̀mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ti páálí inverter, ẹ mú un dání.