Báwo La Ṣe Lè Sọ Ìtàn Akọni Alágbára Di Eré Olórin Lórí Ìtàgé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kabba, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwọn ọmọ náà ti fẹnu kò pé ìtàn Spider-Man ni àwọn fẹ́ fi ṣe eré olórin ní ìparí ọdún yìí, wọ́n sì fẹ́ kí akọni náà fò láti orí ìtàgé dé àárín èrò. Gbọ̀ngàn onípáànù ni a ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan àti makirofóònù mẹ́ta. Mo gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú eré yìí rí, tí ó sì dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn. Kí ni ó mú un ṣòro tó bẹ́ẹ̀, kí sì ni àwa lè ṣe?

Ìdáhùn: Okun o, olùkọ́ wa. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe so ọmọ kankan mọ́ igi àjà gbọ̀ngàn yẹn, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, bó ti wù kí okùn tí ẹ rà nípọn tó. Páànù ni wọ́n ní lọ́kàn pé igi náà yóò gbé nígbà tí wọ́n ń kan án, kì í ṣe ènìyàn tí ń fì síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára tí ẹni tí ń fì fi ń fa okùn máa ń ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Lórí èyí, n kò ní àbá mìíràn láti fún yín.

Eré tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Spider-Man: Turn Off the Dark, tí wọ́n ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńláńlá ní ìlú New York. Bono àti The Edge, àwọn olórin ẹgbẹ́ U2, ni wọ́n kọ orin rẹ̀; Julie Taymor ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là, kò sì sí eré Broadway kankan ṣáájú rẹ̀ tí ó gba iye owó bẹ́ẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í han èrò gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, ṣùgbọ́n ó di oṣù Kẹfà ọdún 2011, lẹ́yìn ìdánwò 182, kí wọ́n tó ṣí i ní gbangba. Láàárín ìgbà náà, òṣèré tí ó fara pa ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú wọn já bọ́ láti ibi gíga ní oṣù Kejìlá. Wọ́n gba ìdarí eré lọ́wọ́ Taymor, wọ́n sì tún ìtàn náà kọ. Oṣù Kìíní ọdún 2014 ni wọ́n kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, láìrí owó tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ gbà padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn wáyà tí wọ́n fi ń gbé òṣèré fò. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń darí àwọn ẹ̀rọ náà, àti pé bí ọ̀kan bá kọ iṣẹ́, gbogbo eré ni yóò dúró, tí èrò yóò sì máa wo ẹni tí ó rọ̀ sókè láìmọ ohun tí ó kàn. Ṣùgbọ́n èmi, tí iṣẹ́ mi jẹ́ dídarí eré olórin, kò gbà pé wáyà ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ṣòro jù ni pé ìtàn akọni alágbára àti eré olórin kì í béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ òṣèré. Ìwé alàwòrán tàbí sinimá lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo ìjà lórí òrùlé ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn kan. Orin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ kí ẹni tí ń kọ ọ́ dúró, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Èémí kan ṣoṣo ni apá tí ń jà àti ọ̀fun tí ń kọrin sì jọ ń pín, nítorí náà ẹni tí ẹ bá ní kí ó máa tàkìtì kí ó sì máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa.

Nítorí náà, kì í ṣe bí akọni náà yóò ṣe fò ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó lé lórí, bí kò ṣe ohun tí ń dun ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ wo Peter Parker, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń wọ aṣọ Spider-Man, tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé jáde ní ọdún 1962. Ọmọ òrukàn ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n tọ́ ọ; ó jẹ́ kí olè kan sá kọjá lọ níwájú rẹ̀, olè náà ni ó sì pa ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó padà sí ilé, kò lè sọ fún obìnrin tí ó kù náà ohun tí òun mọ̀ nípa ikú ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni orin wà. Kò gba wáyà, kò sì gba ju gílóòbù kan lọ.

Ẹ tún fi èyí wé eré tí wọ́n ṣe nípa Superman ní Broadway ní ọdún 1966, tí Harold Prince darí, tí Charles Strouse sì kọ orin rẹ̀. Ìgbà 129 péré ni wọ́n ṣe é kí ó tó kógbá wọlé. Orin tí àwọn akọrin ṣì ń kọ jù nínú rẹ̀ títí di òní kì í ṣe ti Superman fúnra rẹ̀ rárá. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó ń kọ ọ́ sí Clark Kent, orúkọ tí Superman fi ń fara pa mọ́ láàárín ènìyàn, ẹni tí ojú ń tì, tí ó sì wọ awò ojú. Mo rò pé èyí kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ẹni tí ọta ìbọn kò wọ̀ lára kò ní ohun púpọ̀ láti bá wa sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ pa mọ́ ní.

Ní ti agbára fúnra rẹ̀, Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìtàgé tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, ọba tí ń pe iná àti àrá ni ó wà láàárín ìtàn náà, síbẹ̀ kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí ó gbé e sókè. Bàtá ni ó sọ fún èrò pé alágbára ń bọ̀, oríkì ni ó ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù tí ó wà ní ojú àwọn tí ó yí i ká sì ni ó jẹ́ kí a gbà á gbọ́. Ní ọdún 1964 wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò kò ti gbọ́ Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé agbára Ṣàngó kò gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ Gbọ̀nkáà àti Tìmì, àwọn balógun rẹ̀ méjì, àti pé ìdánìkanwà rẹ̀ ni ọkàn èrò ń bá lọ sílé.

Ẹ fi iṣẹ́ yìí lé àwọn elégbè lọ́wọ́. Bí akọni bá fẹ́ fò, ẹ jẹ́ kí ó jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí ìlù yí padà, kí gbogbo elégbè gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú wọn sì máa tẹ̀ lé ohun kan láti òsì dé ọ̀tún bí wọ́n ti ń ki í. Èrò yóò yíjú pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ mìíràn tí ó wọ irú aṣọ kan náà yọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ní New York pàápàá, òṣèré púpọ̀ ni wọ́n jọ ń wọ aṣọ Spider-Man ní alẹ́ kan náà, nítorí ìbòjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìbòjú yẹn kan náà ni ọ̀tá akọrin. Ó ń di imú, ó ń pa ohùn, ó sì ń bo ojú tí èrò fẹ́ kà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣí i bí ó bá fẹ́ kọrin, kí ṣíṣí náà sì ní ìdí nínú ìtàn. Lórí aṣọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣọ́ra ní ilẹ̀ Okun wa. Mo ti rí i tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lo aṣọ pupa àtijọ́ ti Bunu fún ẹ̀wù akọni, nítorí ó lẹ́wà lójú iná. Aṣọ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá ni aṣọ náà, ó sì jẹ́ ti eégún pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí ìtàgé láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ ra ańkárá pupa lọ́jà.

Nípa orin, ẹ má ṣe mú ohùn orin Amẹ́ríkà kí ẹ sì to ọ̀rọ̀ wa sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yóò máa gòkè níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ̀kalẹ̀, àwọn òbí tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn kò sì ní mọ ohun tí ọmọ wọn ń wí. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, ní ẹ̀ka-èdè Owe, Ìyàgbà tàbí Ìjùmú, kí ẹ wá fà á gùn di orin. Makirofóònù méjì ni kí ẹ fún àwọn tí ń dá kọrin, kí ẹ gbé ẹ̀kẹta síwájú elégbè, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ògiri ìtàgé tó bí wáyà bá ṣe lè dé. Ìparí ọdún tí ẹ yàn dára, nítorí òjò lórí páànù kò ní bo orin mọ́lẹ̀. Ọyẹ́ nìkan ni yóò máa gbẹ ọ̀fun, nítorí náà kí omi wà ní ẹ̀yìn ìtàgé.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin. Marvel, iléeṣẹ́ ìwé alàwòrán ti Amẹ́ríkà, ni ó ni Spider-Man, Disney sì ti ra Marvel láti ọdún 2009. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, èyí tí à ń pè ní Copyright Act 2022, fi ẹ̀tọ́ láti sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di eré àti láti ṣe é ní gbangba sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì fẹ́ lẹ orúkọ yẹn mọ́ ògiri káàkiri Kabba, ẹ ní láti gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn ọmọ dá akọni tiwọn sílẹ̀, kí ẹ sì yan agbára tí etí lè gbọ́ dípò èyí tí ojú gbọ́dọ̀ rí. Bí àpẹẹrẹ, ọmọbìnrin kan ní Iyara tí ń gbọ́ irọ́: bí ẹnikẹ́ni bá ti purọ́, ìlù kan yóò dún tí òun nìkan àti èrò ń gbọ́. Ó fi í mú àwọn olè ọjà, ìlú ń yìn ín, títí ìlù náà yóò fi dún ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un nípa bàbá rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí Disney fúnra wọn gbé Rogers: The Musical, nípa Captain America, akọni Marvel mìíràn, sí ọgbà ìgbafẹ́ wọn ní California ní ọdún 2023, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe é. Orin ibi tí ìyá ọmọbìnrin Iyara yẹn ti ń bá a sọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ sì gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ bíi mélòó kan láìlo makirofóònù, kí ẹ tó pín ipa fún ẹnikẹ́ni.