Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ bá wọn lọ

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa. Houston là ń gbé. Láti ìgbà tí Reverend Al Sharpton, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú nì, ti sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìdágbére George Floyd, aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa, ní Minneapolis, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2020 yìí, tó ní kí gbogbo èèyàn pàdé ní Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ láti wọ́de lòdì sí ìrẹ́jẹ tí wọ́n ń rẹ́ aláwọ̀ dúdú jẹ, Kẹ́hìndé ò jẹ́ ká simi. Ó ní òun ń lọ. Táíwò ní bó bá lọ, òun náà á lọ. Bàbá wọn ní ìjà àwọn akátà ni, pé a ò wá Amẹ́ríkà wá jà, kí wọ́n jókòó sídìí ìwé wọn. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá wọn ti ń wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé, á fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun wọ yunifásítì, kò ní fẹ́ gbọ́ pé ọlọ́pàá mú un. Àmọ́ ọlọ́pàá ò mọ èyí tó jẹ́ ìjà wa àti èyí tí kì í ṣe tiwa. Ẹ rántí Amadou Diallo. Ọmọ Guinea ni, ó ń tajà lójú títì ní New York. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń gbé ní Bronx. Ó mú pọ́ọ̀sì jáde, wọ́n ní ìbọn làwọn rò pé ó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ni wọ́n yìnbọn, wọ́n sì pa á. Lọ́dún kejì, ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Sharpton yìí kan náà ló kó èèyàn jáde nítorí rẹ̀, wọ́n ń lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá títí tí wọ́n fi mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ Áfíríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ò sọ pé ìjà àwọn kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ tèmi. Maryland là ń gbé, tó bá Washington pààlà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́, ládùúgbò wa níbí. Ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n ní ẹnì kan fọ́ gíláàsì ọkọ̀ nítòsí, pé ó jọ ẹni náà. Aládùúgbò wa ló pè mí. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ létí títì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí, fóònù rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ọlọ́pàá kejì gbọ́wọ́ lé ìbọn ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ káwọn fura sí i ni pé àwọn ń bi í léèrè, ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Èmi àti ìyá rẹ̀ la kọ́ ọ.

Wọ́n ní kó máa lọ. Wọn ò ní pẹ̀lẹ́. Ó ṣa fóònù rẹ̀, a wọlé, ó ní ebi ò pa òun. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó débẹ̀. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Ìyá rẹ̀ bi í, kò sí nǹkan náà ni. Ṣùgbọ́n tí fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá bá dún, bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á dá ṣíbí dúró títí ọkọ̀ á fi kọjá. Ó ti ń lọ yunifásítì báyìí, Kòrónà ló dá wọn padà sílé, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru tó ń rìn nínú ilé. Ṣé wọ́n na ìbọn sí i ni? Kí ni wọ́n pè é?

Láti ọjọ́ yẹn la ti ní kó máa wo èèyàn lójú, kó máa jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, kó má ki í bọ àpò. Ó gbọ́ràn. Ìyá mi rí i lórí WhatsApp, wọ́n ní ojú ọmọ yìí ti le, pé ṣé a ò kọ́ ọ nílé ni. Tá a bá lọ òde àríyá, kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́, ọwọ́ ló ń nà sí àgbà. Mo máa ń rí bí wọ́n ṣe ń wò wá. A kọ́ ọ o! Ẹ̀kọ́ tá a fún un ló fẹ́ẹ̀ pa á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a wá fún un ní òmíràn tó lè gbé e délé. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun gbàgbé ìdọ̀bálẹ̀?

Ẹ bá mi sọ èyí fún bàbá wọn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ tí wọ́n dá yìí, ọjọ́ náà ni Martin Luther King sọ̀rọ̀ níwájú ère Lincoln lọ́dún 1963, nǹkan bí 250,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú jáde ní 1964, ti ìdìbò tẹ̀ lé e ní 1965. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin tó fagi lé ìlànà tó ń fi ìlú ìbí èèyàn dí ọ̀nà Amẹ́ríkà mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti Áfíríkà. Àwọn tí ajá ọlọ́pàá ń bù jẹ níbi ìwọ́de ní Birmingham, ní Alabama, ló jìyà ẹ̀, àwa la gba gírín káàdì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ohun tí a ń pè wọ́n níbi ìnáwó wa, lójú àwọn ọmọ. George Floyd náà, ìlú yín níbẹ̀ ló ti dàgbà, ní Third Ward. Ó lé ní ìṣẹ́jú 8 tí ọlọ́pàá fi kúnlẹ̀ lé e lọ́rùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn.

Tí wọ́n bá ń lọ, kí ọ̀kan nínú yín bá wọn lọ. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà yín sí wọn lápá, torí fóònù lè bọ́ tàbí kí wọ́n gbà á. Kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Tẹ́ ò bá tíì di ọmọ ìlú, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, nítorí tí wọ́n bá múni, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú lè wọ̀ ọ́. Èyí tó kù, ká máa sọ ọ́ lórí fóònù.

Ẹ dé sọ́dọ̀ wa, yàrá wà, ọmọ mi náà ní òun ń lọ. Ẹ fi nọ́ńbà bàbá wọn ránṣẹ́ sí mi. Màá pè é lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá sí níbi iṣẹ́, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi.