Èsì: Omi màlúù tó ń di àwọ̀ ewé

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní màlúù yín mẹ́wàá ń mumi nínú ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù, omi náà sì tètè ń di àwọ̀ ewé. Oòrùn ló fà á. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù náà sábẹ́ ibòji, àmọ́ kì í ṣe abẹ́ igi tó ń wọ́wé. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ohun yọ̀bọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé omi yẹn kò tó wọn rárá. Ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 kò gbà ju lítà 100 lọ, bẹ́ẹ̀ màlúù ńlá kan lè mu lítà 40 sí 60 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn alágbára á máa lé àwọn kéékèèké sẹ́yìn.

Ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ ọpọ́n: inú rẹ̀ kó gùn ní mítà 3, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó jìn ní 40. Ìyẹn á gba nǹkan bí lítà 700. Kí etí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju ilẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé páìpù oníǹṣì méjì tó ní ìdérí nísàlẹ̀, tí omi á máa gbà jáde. Láìsí i, fífọ̀ á sú yín. Ẹ máa wọ́n omi sára ọpọ́n náà fún ọjọ́ 7 kó lè le, kí ẹ sì da omi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rọ sínú rẹ̀ nù, torí sìmẹ́ǹtì tuntun ń ba omi jẹ́. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, torí ẹrẹ̀ ló ń jẹ́ kí pátákò wọn jẹrà.