Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù, òṣìṣẹ́ káńsù sì ni mí

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá mi kékeré, tí í ṣe lídà ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa, ló bá mi wá iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí mo ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù. Wọ́n tún ní kí n máa yọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa. Mo fẹ́ràn òṣèlú, ó wù mí kí n di káńsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá mi ní bí mo bá kọ̀, aláìmoore ni mí.”

Ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn kan péré lo fi kàn án. Òun ló já mi láyà jù. Má yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Rò ó wò: ìyá aláta kan fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ó gun ọ̀kadà wá sí sẹkitéríàtì, ó dúró níwájú rẹ, o ní fọ́ọ̀mù ti tán, 20 sì wà nínú tábìlì rẹ tó ń dúró de àwọn tó ní káàdì ẹgbẹ́. Owó ìlú ni, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyá náà lọ́jà sì wà nínú owó ìlú. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Àfikún Karùn-ún Ìwé Òfin ọdún 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi agbára ipò rẹ̀ ṣe ohun tó máa pa ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lára. Bí wọ́n bá wá yẹ ìwé wò lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Bàbá rẹ kékeré kò buwọ́ lu nǹkan kan.

Ní ti ẹgbẹ́, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé o fẹ́ràn òṣèlú. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ fún ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ ọmọọ̀ta ni. Bí irú rẹ bá sá, ọwọ́ ta ló máa bọ́ sí? Abala 40 Ìwé Òfin wa fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wù ọ́. Lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ INEC àti Musa, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìlànà INEC tó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Káàdì rẹ, ìpàdé wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́, ìbò rẹ, tìrẹ ni gbogbo wọn.

Ipò akọ̀wé ni ọ̀nà ti yà. Ìlànà iṣẹ́ ọba kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbáà jẹ́ olówó tàbí ọ̀fẹ́, kò sì fẹ́ kó máa polongo ìbò ní gbangba. Agbẹjọ́rò lè fi ẹjọ́ 2003 jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n máa kọ kúẹ́rì sí, owó oṣù rẹ kò sì lè gbé ẹjọ́ dé Àbújá.

Ṣé o mọ iṣẹ́ akọ̀wé wọ́ọ̀dù dáadáa? Òun ló ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú rẹ́jísítà, òun ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí kọ́ńgréèsì, ìpàdé tí ẹgbẹ́ fi ń yan olóyè, bá dé tí ẹgbẹ́ pín sí méjì, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n máa gbé kiri. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn tẹ́ ẹ jọ jà ní Sátidé á tún wá gbàwé lọ́wọ́ rẹ ní káńsù. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ní káńsù rí. Mo rí ọmọkùnrin kan tó gba irú ipò yìí. Nígbà tí alága yí padà, wọ́n gbé e lọ sí ìkángun ìpínlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò rí ẹnì kan bá a di ẹrù nínú àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ nípàdé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́.

Wo Ọ̀ṣun náà. Láti oṣù kejì ọdún 2025, ìjà APC àti PDP lórí ta ló ni káńsù le débi pé NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní kí wọ́n jókòó sílé nítorí ẹ̀mí wọn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi jókòó, títí kan ẹni tí kò mọ ilé ìpàdé ẹgbẹ́ kankan. Báwo ni ì bá ti rí fún ẹni tó ń kọ̀wé fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà?

Àlá káńsẹ́lọ̀ rẹ kò kú. Abala 107 Ìwé Òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ díje sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò, abala 7 sì so ẹ̀tọ́ ìdíje sí káńsù mọ́ tilé aṣòfin. Lọ́jọ́ náà, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí o jáde tọkàntọkàn. Ní báyìí, kọ́ bí owó ṣe ń wọ káńsù àti bó ṣe ń jáde. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, mo gbà pé ẹni tó mọ ìwé ìṣirò káńsù la nílò níbẹ̀ jù.

Ìyá rẹ kò burú. Ọdún mẹ́ta tí o fi jókòó sílé ló ń rántí. Jókòó tì í, ka ohun tí mo kọ yìí fún un. Lẹ́yìn náà, lọ bá bàbá rẹ kékeré nílé lálẹ́, kí Sátidé tó dé. Má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má sì jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé: “Bàbá, orúkọ yín lẹ fi wá iṣẹ́ yìí fún mi, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe akọ̀wé. Màá máa wá sípàdé. Ní ti fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí àwọn ìyá wa wá tò bíi tàwọn yòókù, màá dá wọn lóhùn dáadáa.”

Ó lè bínú. Máa lọ kí i síbẹ̀. Bó bá sì tún fi fọ́ọ̀mù lọ̀ ọ́, bẹ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ pé kí ẹlòmíràn máa bá ọ buwọ́ lu ìwé, kí iye fọ́ọ̀mù tó wọlé àti iye tó jáde máa wà lákọsílẹ̀ lójoojúmọ́.