Gẹ̀ẹ́sì Newcastle kò bàjẹ́

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, oṣù mẹ́ta rèé tí mo dé Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì àwọn aláìsàn wa kò yé mi, ó jọ pé wọn ò kàwé. Ìyá àgbà kan sì ń pè mí ní "pet", bí ẹni ń pe ajá. Ẹnì kan ní kí n sanwó kí òun kọ́ mi ní ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń dẹ́rù ba àwọn nọ́ọ̀sì wa kí wọ́n lè gbowó lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ́ ohùn tí wọ́n ń tà yẹn dójú àmì, kì í ṣe òun ni aláìsàn yín ń sọ.

Geordie ni wọ́n ń pe ẹ̀ka èdè ibẹ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà wọn, "house" ni "hoos", "town" ni "toon": húùsì, túùnù. Ẹ ní àìkàwé ni. Bẹ́ẹ̀, bí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é látijọ́ nìyẹn. Láàárín nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700 ni àwọn fáwẹ̀lì gígùn wọn ṣí nípò. "U" inú "house" di "au" lápá gúúsù, ṣùgbọ́n àyípadà yẹn kò mú àríwá. Lọ́ńdọ̀nù ló yí padà, Newcastle kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ wo ilé tiwa náà. Ará Èkìtì ń pe ilé ní "ulé", ó ń pe igi ní "ugi", àwọn kan a sì máa fi í ṣẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀ka èdè Yorùbá wéra gbà pé "u" yẹn ló ti wà tẹ́lẹ̀, pé Yorùbá àjùmọ̀lò ló sọ ọ́ di "i". Ta ló wá ba èdè jẹ́ nínú wọn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni "gan", tó túmọ̀ sí lọ. Kì í ṣe "going" tí wọ́n gé kù, inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló ti wá. "Bairn" ni ọmọ, "hyem" ni ilé. Bí aláìsàn bá ní "Aa'm gannin hyem" láàárín òru, ilé ló ń lọ o, ẹ tètè pe ẹni tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù! "Heed" ni orí. "Badly" lè jẹ́ pé ara onítọ̀hún kò yá. "Us" lè jẹ́ òun nìkan ṣoṣo. Èyí tó léwu jù ni "walk", tó máa ń dún bíi wáàkì lẹ́nu àwọn àgbà, nígbà tí "work" wọn ń dún bí "walk" tí ẹ gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti "pet", ìkẹ́ ni, bíi ti "hinny", orúkọ ìkẹ́ wọn mìíràn. Ṣebí ìyá àgbà tiwa náà ń pe ọmọdébìnrin ní "ọkọ mi"? Ta ló bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó?

Ẹnu yín pàápàá sún mọ́ tiwọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń pe fáwẹ̀lì inú "goat" bí "o" inú "owó", wọ́n kàn ń fà á gùn ni, wọ́n sì ń pe ti "face" bí "e" inú "ewé".

Ṣùgbọ́n etí ni mo fi èyí là yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi méfò nídìí oògùn tàbí ibi tó ń dun ènìyàn. Òfin ilé ìwòsàn yín ló ga ju tèmi lọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín, ẹ ní kí aláìsàn tún un sọ, kí ó fi ìka tọ́ka síbẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.