Ṣé Kerr microscope (awò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí mágnẹ́ẹ̀tì ṣe kọjú) tó láti rí skyrmion (ìyípo mágnẹ́ẹ̀tì kékeré) nínú fíìmù Pt/Co/Ta (ìpele tín-ín-rín platinum, cobalt àti tantalum)?

Ó sinmi lórí bó ṣe tóbi tó o. Tó bá fẹ̀ tó 1 micron, Kerr á gbé e dáadáa, ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì kọjú sókè á mọ́lẹ̀, ibi tó kọjú sísàlẹ̀ á dúdú. Ṣùgbọ́n èyí tí ò ju 100 nanometer lọ, ìmọ́lẹ̀ lásán ò lè yà á sọ́tọ̀, MFM (microscope tó ń fi abẹ́rẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì wo ojú fíìmù) ni kẹ́ ẹ lò, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ wá abẹ́rẹ́ tí mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò lágbára torí ó lè ti skyrmion kúrò láyè ẹ̀. Lorentz TEM (microscope tó ń fi electron la sample kọjá láti rí mágnẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀) náà wà, òun ni wọ́n fi kọ́kọ́ rí skyrmion lójú kòrókòró lọ́dún 2010, nínú Fe0.5Co0.5Si (àdàpọ̀ iron, cobalt àti silicon). Ní Pt/Co/Ta ṣá, domain wall ẹ̀ (ààlà láàárín ibi tó kọjú sókè àti ibi tó kọjú sísàlẹ̀) jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Néel, tẹ́ ẹ bá tẹ́ sample yẹn pẹrẹsẹ nínú Lorentz TEM ẹ ò ní rí nǹkan kan, àfi kẹ́ ẹ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀.