Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tí kò pẹ́ lórí oyè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń ṣèwádìí nípa ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ yunifásítì. Mo rí i pé wọ́n yí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ padà ní 1841, 1845, 1849 àti 1853. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ń kówó jẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè wọ́n lólè. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí àlééfà. Ní oṣù Kẹta 1841, ẹgbẹ́ òṣèlú Whig gbàjọba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Democrat. Democrat gbà á padà ní 1845, Whig tún gbà á ní 1849, Democrat ní 1853. Ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe wẹ́kú! Láti ìgbà Ààrẹ Andrew Jackson ti ẹgbẹ́ Democrat, tó wọlé ní 1829, ló ti di àṣà pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìbò fún ẹgbẹ́ ló ń jẹ oyè. William Marcy, sẹ́nétọ̀ láti New York, tiẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1832 pé ẹni tó ṣẹ́gun ló ni ìkógun.

Owó iṣẹ́ náà lè má tó nǹkan ní ìlú kékeré, ìdá díẹ̀ lára owó lẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́tà dé ilé àwọn ará oko nígbà yẹn. Gbogbo ìlú ló ń wá bá a. Tó bá jẹ́ onísọ̀ọ̀bù, ẹni tó wá gba lẹ́tà á ra iyọ̀, á ra aṣọ, á sì gbọ́ ìròyìn ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni adùn oyè náà wà.

Ọdún nìkan kò tó ẹ̀rí ṣá o. Ní 1833, lábẹ́ Jackson, Abraham Lincoln di ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ New Salem ní Illinois, bẹ́ẹ̀ alátakò Jackson ni. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ipò ọ̀hún kéré débi pé wọn ò ka ẹgbẹ́ òun sí. Àwọn mìíràn kú, àwọn mìíràn kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá ọjọ́ ìyànsípò gan-an nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà ní National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n tò ó ní ìpínlẹ̀ àti káúńtì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé ìròyìn ìlú náà, kí ẹ wo orúkọ àwọn tó jókòó nípàdé ẹgbẹ́. Èmi gbà pé ibẹ̀ lẹ ti máa rí òótọ́ jù.

Tí ìwádìí yín bá kọjá 1883, ẹ má rò pé òfin Pendleton, tó ní kí wọ́n máa fi ìdánwò gbani síṣẹ́ ìjọba, ti fòpin sí àṣà yìí. Kò kan ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé rárá. Nígbà tí Democrat padà wọlé ní 1885, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n tún yọ.